Gàrí tí mo bá Ìyá Ṣadé gbé

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mí mọ́lé ní bọ́dà lónìí nítorí gàrí aládùúgbò mi l'Ájégúnlẹ̀!

Ìyá Ṣadé ló ní kí n bá òun gbé e fún Ṣadé ọmọ ẹ̀ ní Kútọnu. A kì í sáà tú ẹrù ẹlẹ́rù wò.

Ọ̀gá imigiréṣọ̀n ki ọwọ́ bọ gàrí, ó fa pásípọ́ọ̀tù Ṣadé yọ.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin rèé?"

"Ọ̀gá, tí ojú mi bá ṣì rí báyìí, ṣé màá máa ru gàrí?"

Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù náà, wọ́n lé mi padà sílé.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún un, Ìyá Ṣadé bú sẹ́kún. "Ọ̀la lọmọ mi fẹ́ wọ bàálù ní Kútọnu!"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, ṣé ẹ máa gbé e?"

Ó rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni kí n fi dá a lóhùn?