Ásíìdì Ara Nùrẹ́nì Oníbátìrì

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìdímù wọ àdúgbò wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ẹ má wulẹ̀ bèèrè Nùrẹ́nì. Nùrẹ́nì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ bèèrè Bàbá Hamdalah oníbátìrì, wọn yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ásíìdì ti jẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba iná sí bátìrì mọ́tò tó ti kú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ránṣọ ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ ìwà ásíìdì bíi tirẹ̀.

Agolo káún kan kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Bí ásíìdì bá ta sílẹ̀, yóò bu káún dà sí i, ibẹ̀ yóò hó yaya, agbára ásíìdì náà yóò sì pin. Ó máa ń wo ìhó yẹn tayọ̀tayọ̀ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò rí i nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Sìkírátù, ló ń ta ògì níwájú ilé kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ògì yẹn díẹ̀, torí pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ń kúnná, kò ní eèrí, kíkan rẹ̀ sì máa ń ṣe wẹ́kú. Àwọn kan ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìgàndò wá rà á. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Sìkírátù á ti máa fọ abọ́ rẹ̀, á sì máa bi mí pé ìgbà wo ni èmi fẹ́ jí.

Lọ́dún 2013, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zacchaeus gbé bátìrì wá sọ́dọ̀ Bàbá Hamdalah. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, onírẹ̀lẹ̀ èèyàn, tí kì í wọ bàtà bó bá ti wọ sùtánà rẹ̀. Bó ṣe jókòó dè é, ó gbọ́ tí oníbátìrì ń ráhùn pé lálaalẹ́ ni oúnjẹ ń ru padà sí òun lọ́fun, tí àyà òun sì ń jó.

Zacchaeus mi orí. "Bàbá, ásíìdì ló pọ̀ jù lára yín."

Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ẹni tó lọ sọ̀rọ̀ ásíìdì fún. Bàbá Hamdalah ju irin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Zacchaeus mú ike omi kan jáde, ó ní omi álíkálàìnì ni wọ́n ń pè é, òun ni ọ̀tá ásíìdì. Ó ní kí ó sá fún ẹran, kí ó sá fún búrẹ́dì àti gbogbo ohun tó bá kan lẹ́nu, kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́. Ó tún fún un ní àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"Ẹ máa fi wo ìtọ̀ yín láràárọ̀. Bó bá pupa, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀. Bó bá di búlúù, ẹ ti bọ́."

"Ìyẹn ni pé káún lara mi ń fẹ́!" Bàbá Hamdalah fò sókè. "Ó ti yé mi jàre!"

Zacchaeus kò dárúkọ káún rárá, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti ń jẹ ẹ̀fọ́ bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ó ń po káún mọ́ omi mu láàárọ̀, ó ń gùnfẹ̀ débi pé mò ń gbọ́ ọ nídìí máṣíìnì mi. Lọ́jọ́ kan ó sáré sọdá títì wá bá mi, ó na bébà kan sí mi.

"Ìyá Súmbọ̀, ẹ wò ó! Búlúù!"

"Bàbá Hamdalah, ṣé ìtọ̀ yín lẹ gbé wá fi kí mi káàárọ̀ ni?"

Kò tiẹ̀ gbọ́. Inú rẹ̀ ń dùn, èmi náà sì rẹ́rìn-ín títí. Bó bá mọ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá dára.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí àwọn obìnrin bíi méje dúró pẹ̀lú abọ́ níwájú Sìkírátù, ọkọ rẹ̀ jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti bébà rẹ̀ bọ omi orí ògì. Bébà náà pọ́n.

"Ásíìdì!" Ó pariwo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pariwo mọ́ ẹni tó bá fẹ́ tẹ bátìrì mọ́lẹ̀. "Ásíìdì pọ́ńbélé lẹ ń fún àwọn ọmọ yín mu!"

Àwọn obìnrin wojú ara wọn. Ọ̀kan rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Òmíràn ní òun ń bọ̀. Láìpẹ́ kò ku ẹnì kankan. Sìkírátù fi ọmọrí dé abọ́ ògì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ kíákíá. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ gan-an kì í mu ún, àbí kí làwọn tún fẹ́ gbọ́? Èmi náà wà lára wọn, n kò ní purọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi rán ọmọ lọ ra ògì. Ní Ọjọ́rú, Sìkírátù wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi.

"Ìyá Súmbọ̀, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń sẹ́ ògì. Bí wọ́n bá ní kò kúnná, màá tún un sẹ́. Bí wọ́n bá ní ó kan jù, màá pààrọ̀ omi rẹ̀. Èyí tí ọkọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ ńkọ́, kí ni màá ṣe sí i?" Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Tí ọjà ò bá tà di Sátidé, mi ò ní rẹ àgbàdo mọ́. Ó parí."

Ojú tì mí. Mo fẹ́ bínú sí ọkọ rẹ̀, mo rí i pé ara mi ló yẹ kí n kọ́kọ́ bínú sí.

Ọjọ́ kejì, ikùn Bàbá Hamdalah wú, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè gbé bátìrì kan ṣoṣo. Mo ní kó múra. Mo tì í wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Matilda tó ní ilé ìwòsàn kékeré ní Ìgàndò. Nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo ìtàn náà láti orí omi dé orí káún, ó sì bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ásíìdì wà nínú ikùn gbogbo èèyàn," ó ní. "Ó le ju ti ògì lọ fíìfíì. Òun ló ń bá wa da oúnjẹ, òun ló ń pa kòkòrò. Ẹ wá ń fi káún lé e."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín ní ìwọ̀n tirẹ̀, oúnjẹ kì í yí i padà. Ẹ̀dọ̀fóró ń mí àpọ̀jù jáde, kíndìnrín ń tọ̀ ọ́ dànù. Tó bá yẹ̀ lóòótọ́, ẹ ò ní lè fẹsẹ̀ yín rìn wá síbí."

"Ṣùgbọ́n bébà mi búlúù, ṣá."

"Ohun tí kíndìnrín yín dà nù lẹ ń wò. Bí ẹ bá yẹ ike ìdọ̀tí ilé kan wò, ṣé ẹ ti mọ bí ìyẹ̀wù wọn ṣe rí nìyẹn?"

Nọ́ọ̀sì ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ, torí ẹ̀fọ́ dára, ṣùgbọ́n kó jáwọ́ nínú káún mímu pátápátá kó má baà ṣe kíndìnrín rẹ̀ léṣe. Fún ti àyà tó ń jó o, ó ní kó dín ata kù, kó má máa sùn ní kété tó bá jẹun tán, kó sì padà wá kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. A wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tó ti ìrun dé, ó ké sí mi láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó mú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ onírọ́bà tó fi ń fa ásíìdì wò lọ́wọ́.

"Ìyá Súmbọ̀, bátìrì tó kú ni ásíìdì rẹ̀ máa ń dà bí omi lásán. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni tiẹ̀ lágbára. Ó lé lógún ọdún tí mo ti mọ èyí!"

"Ara yín kì í ṣe bátìrì, Bàbá Hamdalah."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní bátìrì ni, òpònú ṣì ni mí."

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Sìkírátù gbé ògì jáde, ẹni méjì péré ló wá, èmi ni ẹnì kejì. Ni oníbátìrì bá gbé tábìlì síta. Ó to ọsàn sí i, ó to tòmátì, ó gbé ìgò mínírà àti ife tíì sí i. Ó ń pe àwọn tó ń kọjá lórúkọ, títí wọ́n fi pọ̀. Zacchaeus tó tún gbé bátìrì wá náà wà níbẹ̀. Bàbá Hamdalah ti bébà bọ ọsàn, ó pọ́n. Ó ti bọ tòmátì, ó pọ́n. Mínírà pọ́n jù wọ́n lọ.

"Ṣé ẹ ò ní mu ọsàn mọ́?" ó bi wọ́n. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo àgbọ̀n mi." Àpá kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé ilà tí wọn kò kọ dáadáa ni. "Lọ́dún 1997, bátìrì bú gbàmù sí mi lójú ní Dópẹ̀mú. Ètè mi, ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀ ló jó. Ọ̀sẹ̀ méje ni mi ò lè jẹ nǹkan kan lẹ́nu. Obìnrin yìí ò sẹ́ ògì rí láyé rẹ̀. Ó lọ kọ́ ọ nítorí mi. Ó ń gbé e kaná kó tó kan, ó ń jẹ́ kó tutù, ó ń fi ṣíbí kékeré rọ ọ́ sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ilé ló rí i tí wọ́n ní kó máa ṣe tà fún àwọn. Bí ọjà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ó nawọ́ sí abọ́ ògì. "Ásíìdì ló sọ mí dìdàkudà, ògì ló gbé mi dìde. Èmi náà ni mo wá dúró síbí, tí mo pe ògì ní ásíìdì."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú abọ́ ògì, tòun ti aṣọ òde Sátidé rẹ̀. Mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tí mo ń ṣe.

Sìkírátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ni," ó ní.

"Mo gbàgbé. Má bínú."

Omi ń bọ́ lójú Sìkírátù, ó sì ti mú ọ̀rá àti ìgbákọ, nítorí ìyá kan ti ń na abọ́ sí i láti ẹ̀yìn, àwọn mẹ́ta mìíràn sì ń tì í.

"Ẹ dìde jàre, Bàbá Hamdalah," ó ní. "Ẹ ń dí àwọn oníbàárà mi lọ́nà."