Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún ní Copenhagen

Ọdún mẹ́fà ni mo fi di ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sínú. Mi ò dì í sínú bí àwọn obìnrin kan ṣe ń ṣe, tí wọ́n á fajú ro lónìí, tí wọ́n á sì tún jọ rẹ́rìn-ín lọ́la. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, mo ń gbé omi fún un tó bá wá sílé wa ní Trikania, ní Kàdúná, mo sì ń wá ọ̀nà tí màá fi san án fún un. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣe sí mi, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ irú òtẹ́ẹ̀lì tí mo wà nígbà tó ń ṣe é.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní yàrá tí a ti ń yẹ aṣọ wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ máa ṣí. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ àwọn ará Denmark, wọ́n sì ní kí n lọ kọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn ará ilé ọkọ mi kùn, wọ́n ní èwo ni ti obìnrin tó ń fò káàkiri. Màmá, ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní òun á tọ́jú ọmọ wa kan ṣoṣo. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì mi dé pápákọ̀ òfuurufú.

Òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi mí sí ní Copenhagen, olú-ìlú wọn. Nígbà tí mo wọlé, mi ò rí ẹnì kankan. Mo dúró níwájú tábìlì ńlá kan tí èèyàn ò sí lẹ́yìn rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún ní, "Salamu alaikum," bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé aládùúgbò. Nígbà tó pẹ́, mo rí àpótí kékeré kan lára ògiri, àpòòwé tí wọ́n kọ orúkọ mi sí wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpòòwé. Gbogbo ẹ-káàbọ̀ mi nìyẹn. Mo fúnra mi gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹrin. Bẹ́ẹ̀dì wà níhòòhò, wọ́n di aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá pé kí n tẹ́ ẹ fúnra mi. Nílé ìwẹ̀, omi gbígbóná kì í yọ àfi téèyàn bá ki owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ kan. Tí owó bá tán nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ, ìyẹn kan ìwọ àti Ọlọ́run rẹ.

Ilé ìdáná kan ni gbogbo wa ń lò, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé kí oníkálukú fọ àwo tó bá fi jẹun. Láràárọ̀, wọ́n á to búrẹ́dì, wàràkàṣì, ẹja tútù àti kọfí sórí tábìlì gígùn kan, ẹni tó bá fẹ́ á bu tirẹ̀. Àárọ̀ àkọ́kọ́, àwọn àgbà bíi mẹ́jọ ló ń jẹun níbẹ̀, èmi ni mo kéré jù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó? Bí wọ́n ṣe ń jẹ tán ni mo ń kó àwo wọn. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo nu tábìlì. Àṣé ìyá arúgbó kan kò tíì mu kọfí rẹ̀ tán, ó kàn lọ mú ìwé ìròyìn ni. Ó dé, ó rí ife rẹ̀ lófìfo, ó sì wò mí bí ẹni tí mo jà lólè. Obìnrin tó ń wá tún ilé ṣe pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí pé ta ló gbà mí síṣẹ́. Mo ní kò sẹ́ni tó gbà mí. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀. Ojú tì mí. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní àwọn èèyàn wọ̀nyí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Kò tó ọjọ́ mẹ́rin tó fi mọ́ mi lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí òótọ́ yìí gan-an ló ń dùn mí: mo gbádùn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò fọ àwo kan ṣoṣo rí kí n sì nu ọwọ́ kúrò. Nílé bàbá mi, àwo èèyàn mẹ́sàn-án ni. Nílé ọkọ, ẹ má wulẹ̀ ka àwọn àlejò tó ń ti Ìlọrin wá. Ní Copenhagen, àwo kan, ife kan, ṣíbí kan, mo ti ṣe tán. Mo ra ọ̀dà ètè pupa, mò ń kùn ún lọ síbi iṣẹ́. Ní alẹ́, mo máa ń jókòó sójú fèrèsé ilé ìdáná yẹn, màá na ẹsẹ̀ sórí àga kejì, màá jẹ ẹja tútù, màá rẹ́rìn-ín sí ara mi. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí.

Tẹlifóònù kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, èyí tí wọ́n ń ki owó ẹyọ sí. Ilé wa ò ní fóònù, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń ta páànù. Ọkọ mi á lọ dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èmi á pè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní àti ìkejì. Lọ́sẹ̀ kejì, mo sọ ọ̀rọ̀ kọfí ìyá arúgbó yẹn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí owó mi fi tán.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọkọ̀ gbá ọkọ mi ní Gonin Gora lẹ́yìn ìlú, níbi tó ti ń sọdá títì. Wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé fóònù. "Ìyàwó, ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ti lọ sí Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa ló délẹ̀, òun ni mo ní kó lọ bá mi rí sí i." Mo ní kó bá mi kí i. Lọ́sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e, ó ní kò tíì dé. Mo ní mo rí bàtà aláwọ kan tí wọ́n fi irun tẹ́ inú rẹ̀, tí á dáa fún un nígbà ọyẹ́, àmọ́ mo ti gbàgbé ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àlàájì, ẹ dákun, ṣé méjìlélógójì ni àbí mẹ́tàlélógójì?"

Kò ronú rárá. "Mẹ́tàlélógójì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú tó bá rìn jìnnà."

Mo ra mẹ́tàlélógójì. Ọkọ mi ti lo ọjọ́ mẹ́tàlá nínú ilẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Kàdúná, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn àgbà mẹ́ta nínú ẹbí ló wá pàdé mi. Inú mi dùn pé wọ́n kà mí sí èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Mo yọ páálí bàtà jáde, mo ní kí ẹ̀gbọ́n wò ó bóyá ó dáa. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó, jókòó." Ó wá ní, "Sai haƙuri." Haúsá ni wọ́n fi ń bá ẹni tó ṣòfò sọ̀rọ̀ ní Kàdúná, pé kéèyàn mú sùúrù. Mi ò jẹ́ kó sọ ìyókù.

Nílé, Màmá dì mọ́ mi, ó sọ fún mi pé ó ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Àwọn àáfà ní ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni opó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀fọ̀ rẹ̀, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ti lọ nínú ọ̀fọ̀ mi. Inú ọ̀fọ̀ ni mo wà tí mò ń kun ètè. Inú ọ̀fọ̀ ni mo ti na ẹsẹ̀ sórí àga, tí mò ń jẹ ẹja, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi léèrè, ó ní, "Ta ni ì bá dì ọ́ mú níbẹ̀? A kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lájò." Gbogbo wọn ló mi orí pé òótọ́ ni. Èmi náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi gbogbo. Ẹ fi pa mọ́ fún mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n ra bàtà! Ó wọn ẹsẹ̀ òkú fún mi! Bàtà náà, mo gbé e fún ladaní tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ ogójì. Ìbínú náà ni mi ò rí ẹni gbé fún.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Màmá kò jẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò nílé, èmi àti òun la jọ ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fa fóònù sí yàrá Màmá kó lè máa kí i. Lọ́dún kẹfà yẹn, Àlàájì lọ lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dà á láàmú, gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ló sì ń pè. Ọjọ́ Àlàrùba kan ni Màmá kírun àárọ̀ tán, tó ní òun fẹ́ rọra sùn, tí kò sì jí mọ́.

Mo sunkún ìyá yẹn ju bí mo ṣe sunkún ìyá tó bí mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sin ín tán, tí àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Àlàájì kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa ru, nǹkan kan jí nínú mi. Mo ní kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní mo ṣe é bí ọmọlúwàbí.

Nígbà tó pè ní Jímọ̀, ọkàn mi balẹ̀ bí omi inú àmù. "Àlàájì, ọ̀fun ló ń dun Màmá, dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n kí yín." Mo wá fi tèmi kún un: "Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn ra bàtà onírun nínú, nítorí ọyẹ́."

Ó ní, "Ìwọ̀n wo?"

"Mọ́kàndínlógójì." Inú mi dùn ṣìnkìn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó bi mí pé ṣé Màmá ti jẹun. Mo ní wọ́n jẹ túwó, wọ́n ní ọbẹ̀ kúkà dùn, wọ́n tún bù sí i. Ó bi mí pé aṣọ wo ni wọ́n wọ̀, mo sọ fún un. Lọ́sẹ̀ kẹta, a sọ̀rọ̀ Màmá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó dé, ilé kún. Mo ti yan ibi tí màá dúró sí, kí n lè rí ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ó wọlé pẹ̀lú páálí bàtà lọ́wọ́. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ yí po. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti mọ̀." Ó wá ní kí n tẹ̀ lé òun wọ yàrá Màmá.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìyá tó bí mi kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ rí. Bí o ṣe ní wọ́n fẹ́ bàtà ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Mo sì mọ ìdí tó fi jẹ́ bàtà."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ìkúnlẹ̀. Ó tún ti já ẹ̀san náà gbà lọ́wọ́ mi! "Kí ló wá dé tí ẹ tún ń pè? Tí ẹ ń béèrè ohun tí òkú jẹ?"

"Mo ní kí n jẹ́ kó tẹ́ ọ lọ́rùn." Ó nu ojú. "Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tí o wà lọ́hùn-ún, tí ò ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, tí ò ń béèrè àbúrò mi, tí ò ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ìgbà tí o bá wà lórí fóònù, kò tíì kú. Ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló ṣẹ́ kù tí àbúrò mi ti wà láàyè. Mi ò lè pa á lọ́dọ̀ tìẹ náà. Mo fi àánú bojú ni."

Mi ò dárí jì í lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tíì dárí jì í di òní. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ohun tó wí kò yé mi. Ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn kó tó dé, láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti fóònù yẹn, tí mò ń ronú ohun tí Màmá máa jẹ lọ́sàn-án.