Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Sìn Mí Gun Òkè Àfọ̀

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn rọ́bà gbígbóná lẹ́yìn òjò, òkè tó wà lẹ́yìn Àfọ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, mo sì ń lọ sílé ọkọ ní òdìkejì òkè náà, níbi tí wọn kì í ti í sọ èdè wa. Bàbá mi ti fọwọ́ sí i, ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó bi èmi ọmọ rẹ̀ pé, "Ọma mi, bí wọ́n bá bínú sí ẹ, èdè wo ni màá fi bẹ̀ wọ́n?" Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sìn mí lọ, òun ló kọ́kọ́ wọ lọ́rì ní Ìpele, ìlú wa.

Ọ̀nà òkè náà kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ. Àpáta wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì, àwọn igi ńláńlá tó wà nísàlẹ̀ sì dà bí ẹ̀fọ́ lójú wa. Òjò ti rọ̀ lóru. Níbi kọ́nà kan tó le, táyà ń yọ̀, òórùn rọ́bà gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì hó, ó kú, lọ́rì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Awakọ̀ kígbe pé, "Ẹ fi òkúta há táyà!" Kí n tó mọ̀, ìyá mi ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti gbé òkúta, ó ti há a. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti bó, kò sì sí omi tí a máa bù sínú ẹ́ńjìnnì.

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ohùn èèyàn lókè. Àwọn ará ilé ọkọ mi ti ń retí wa. Wọ́n gbọ́ bí lọ́rì ṣe ń kérora tó sì dákẹ́ lójijì, ni wọ́n bá ru omi wá. Ìyá ọkọ mi ló ṣáájú, ó ń mí hẹlẹ. Kò tiẹ̀ wo ọkọ̀. Ó fọ ọwọ́ ìyá mi, ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi dì í. Ó sọ̀rọ̀, ìyá mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ìyá mi náà fi èdè tiwa dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ gígùn. Báyẹn ni àwọn méjèèjì ṣe ń bá a lọ, kálukú ń sọ tirẹ̀, títí awakọ̀ fi ní ká wọkọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ èdè wọn dáadáa. Àmọ́ orí òkè yẹn ni ẹ̀rù ilé ọkọ ti tán lára mi, nítorí mo ti rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa ń gbọ́ bí ẹlòmíì bá wà nínú wàhálà ni mò ń lọ.