Ìdajì Orí Tó Kù

Onígbàjámọ̀ àdúgbò yìí kì í wàásù fún ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹni tó ń kọjá lọ lè sá. Tó bá fá orí oníbàárà dé ìdajì ló máa ń pa kílípà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìfẹ́ Ọlọ́run. Ta ló fẹ́ gbé ìdajì orí jáde sí títì? Gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ìwàásù rẹ̀ dópin. Ìwọ̀nba ló ń padà wá.

Ẹni tó wù ú jù lọ pé kó mọ Ọlọ́run ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, bíríkìlà kan tí agídí rẹ̀ le ju kọnkéré tó ń pò lọ. Lọ́jọ́ tíyẹn jókòó sórí àga, ìtàn ọmọ tó fi ogún baba rẹ̀ ṣòfò ni onígbàjámọ̀ sọ fún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ọmọ náà ti ń bá ẹlẹ́dẹ̀ du oúnjẹ ni bíríkìlà tú aṣọ ọrùn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì parí o.”

“Èmi ti parí.” Ó dé fìlà lé ìdajì orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ló já bọ́ lórí àkàbà níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ bá kán. Bí onígbàjámọ̀ ṣe gbọ́, ìwàásù ti ń tò sí i lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ wò ó lójú.

“Baálé mi, ẹ̀gbọ́n mi ò lè sá lórí bẹ́ẹ̀dì o. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó kó irinṣẹ́, ó lọ.

Ìyàwó bíríkìlà dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Tó bá jẹ́ ìwàásù lẹ gbé wá, ó ń sùn.”

“Sọ fún un pé mo sùn wọra,” ẹni tó ń sùn fèsì láti inú yàrá.

“Ìdajì orí tó kù ni mo wá fá.”

Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó fá orí, ó nu etí, ó gé èékánná ẹsẹ̀ tó yọ lẹ́nu símẹ́ǹtì tí dókítà fi di ẹsẹ̀ tó kán. Ahọ́n ń yún un, ó gé e jẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá. Títí irun fi tún hù, tí wọ́n tún fá a, kò wàásù.

Ó fá a dé ìdajì lọ́jọ́ kan ni bíríkìlà húkọ́.

“Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́sí, ṣé ó padà délé?”

Onígbàjámọ̀ ò pa kílípà. “Ẹ jẹ́ ká parí orí ná, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó fá a tán, ó nù ún mọ́, ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó kó kílípà sápò. Ìgbà yẹn ló tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Ó padà délé,” ló wí. “Baba rẹ̀ ti ń wọ̀nà fún un.”

Bíríkìlà ò dé fìlà. “Máa bá a lọ,” ó ní, “mi ò sùn.”