Irin Méjì Lára Ògiri Ilé Wa

Ọmọdé tí kò tíì wọ ilé ìwé ni mo jẹ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iná kọ́kọ́ ri òpó sí àdúgbò wa ní Àpòmù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ wáyà iná, ẹ kì í gbójú sókè. Àwa a máa gbójú sókè títí ọrùn yóò fi máa dùn wá. Kì í ṣe wáyà gan-an ni à ń wò. Ohun tó gbé e dúró ni: apá irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ orí òpó, àti ife tánganran funfun tó jókòó lórí irin náà, tí wáyà wá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n ní ife yẹn ni kì í jẹ́ kí iná gba ara irin wá bá ènìyàn nílẹ̀. Lójú wa, ó dà bí ife tí ẹnì kan dojú rẹ̀ dé, tó sì gbàgbé rẹ̀ sókè.

Iná ti wà lójú títì Ìkirè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá mi ń din dòdò Ìkirè níbẹ̀, ó ń tà á fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, èmi ni mo sì ń bá a ru ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí a bá ń padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, a ó bojú wẹ̀yìn, a ó rí iná Ìkirè tó ń tàn, ìyá mi á sì pòṣé. Kò fẹ́ kí ohun rere ṣojú òun kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Ìyá mi ni ìyáálé. Ìyàwó kejì ni gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Kékeré. Ilé wa gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là á já láàárín. Ìyá mi ló ni yàrá ọwọ́ ọ̀tún, Ìyá Kékeré ló ni ti ọwọ́ òsì. Ohunkóhun tó bá wọ ilé, ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí iṣu bá ti oko dé, ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Tí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, òun ni yóò pín in. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀. Ìyá Kékeré á kúnlẹ̀, á gba èyí tó kàn án, á dúpẹ́.

Nígbà tó wá kan ilé wa láti gba iná, apá òsì ni òpó bọ́ sí. Ọ̀gá oníná kan tó wá láti Gbọ̀ngán gbé àkàsọ̀ ti ògiri Ìyá Kékeré. Ó mú irin kan jáde, tí ife tánganran méjì wà lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ara ilé kí wáyà tó ti òpó wá lè rí ibi kọ́. Kí ó tó lu ihò àkọ́kọ́, ìyá mi ti dúró nídìí àkàsọ̀. Ó ní ibẹ̀ kọ́. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni iná yóò gbà wọlé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ ọ̀tún jìnnà sí òpó, ó ní ògiri tó bá súnmọ́ òpó ni wọ́n ń kan irin mọ́.

"Ìyá, iná ò mọ ìyáálé."

"Ẹni tó ń fà á mọ̀ ọ́n," ni ìyá mi dá a lóhùn.

Kò kúrò nídìí àkàsọ̀. Nígbà tó sú ọkùnrin náà, ó gbé àkàsọ̀ rẹ̀ kọjá sí ilé kejì. Báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe gba iná tí tiwa ṣókùnkùn. Àwọn ọmọ ilé kejì á dúró sójú fèrèsé wọn, wọn á máa kí wa pé ẹ kú òkùnkùn o. Bàbá mi bẹ ìyá mi, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ó ní tí iná bá ti ọ̀dọ̀ ìyàwó wọlé, ọ̀dọ̀ ìyàwó ni gbogbo nǹkan yóò máa gbà lọ́jọ́ iwájú, títí dórí aṣọ tí wọn yóò fi sin òun. Ipò rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ó ti rí ìyáálé mìíràn tó sùn ní ìyáálé, tó jí bí àlejò nínú ilé ọkọ rẹ̀.

Èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ní ìdí tèmi. Ìyá Kékeré ní ọmọkùnrin kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n ti mú un lọ sí ilé ìwé, èmi ṣì wà nídìí agbada dòdò. Àràárọ̀ ni mo ń rí i tó ń lọ nínú ṣòkòtò kákí rẹ̀, inú mi á sì máa hó bí epo. Mo fẹ́ kí apá tiwa ní ohun kan tí apá tiwọn kò ní.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí a wà ní Ìkirè, ọ̀gá oníná padà wá. Nígbà tí a délé, irin méjì la bá lára ògiri, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ife tánganran méjì-méjì lórí wọn, wáyà sì ti òpó wá kọ́ sórí kálukú. Bàbá mi dúró níwájú ilé, ó ṣàlàyé. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyáálé ni iná ń gbà wọlé, ọ̀dọ̀ ìyàwó ló ń gbà jáde padà sórí òpó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ nípa iná láàárín wa? A ti gbọ́ pé iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ bàbá mi bọ́ sétí wa bí òtítọ́.

Ìyá mi wo irin tirẹ̀ títí. Ó wọlé, ó tẹ iná, gílóòbù tàn. Ó pa á, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi, ó kí i bí ìyàwó tuntun.

Láti ọjọ́ náà, òfin mìíràn wọ ilé. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná kí yàrá ìyá mi tó tàn. Ó ní nǹkan kì í ti ẹ̀yìn wọlé. Ìyá Kékeré àti àwọn ọmọ rẹ̀ á jókòó nínú òkùnkùn, wọn á máa dúró dè wá. Ọjọ́ tí a bá pẹ́ ní Ìkirè, wọ́n á pẹ́ nínú òkùnkùn. Tí iná gbogbo àdúgbò bá sì lọ, ìyá mi á ti yàrá rẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè:

"Ìyàwó, èmi kọ́ ni mo há a mọ́wọ́ lónìí o."

"Mo mọ̀, ìyáálé mi. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bù fún wa nínú tiyín."

Tí àlejò bá wà níbẹ̀, ìyá mi á sọ fún wọn pé iná tí òun bá lò kù ni ìyàwó ń lò. Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín, Ìyá Kékeré á sì bá wọn rín in. N kò rí i kí ó bínú sí i rí. Èmi a máa dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, màá máa wo ọmọ rẹ̀ tó di ìwé mú tí kò lè kà á, tó ń dúró de ọwọ́ wa. Ó ń dùn mọ́ mi bí oyin.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà fún ọdún mélòó kan. Èmi náà ti wọ ilé ìwé nígbà náà, mo sì ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì mi lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ìjì dé lọ́sàn-án. Ojú ọ̀run ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tan iná yàrá wa, àwọn ará apá òsì náà wá tan tiwọn. Ẹ̀ka igi máńgòrò kan ya, ó já lu wáyà ọwọ́ ọ̀tún, wáyà náà já, ó nà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú ilé. Ìyá mi ló ń bọ̀ láti Ìkirè yẹn, àtẹ lórí, òjò ń pa á. Ó kù díẹ̀ kí ó tẹ wáyà mọ́lẹ̀ nígbà tí gbogbo wa figbe ta pé kí ó má ṣe mira. Ó dúró. Omi ń ṣàn gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wáyà sì wà nínú omi náà. Àwọn aládùúgbò dúró lókèèrè, wọ́n ń ké pé kí ẹnì kan sáré lọ pe oníná.

Bàbá mi ló jáde. Kò wọ bàtà. Ó wọ inú omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán mú wáyà náà, ó ń ká a bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ó ní kí ìyá mi máa bọ̀ nínú ilé kí òtútù má baà mú un. Àánú rẹ̀ ló ṣe é. Kò ráyè rò ó.

Ìyá mi wo ọwọ́ bàbá mi. Ó wo fèrèsé yàrá rẹ̀. Wáyà tó ń gbé iná wọlé ti já, gílóòbù rẹ̀ sì ń tàn. Lẹ́yìn náà ó wo Ìyá Kékeré, tó wà lábẹ́ etí òrùlé, tó ń ká aṣọ tó sá. Òun nìkan ni kò figbe ta nínú gbogbo wa.

"Ìyàwó, ìwọ náà mọ̀?"

Ìyá Kékeré kúnlẹ̀.

Ìgbà náà ni ó tó yé àwa yòókù. Òfìfo ni wáyà ọwọ́ ọ̀tún. Lórí òpó, ife tánganran nìkan ni wọ́n so ó mọ́, wọn kò so ó mọ́ iná. Lára ògiri, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni iná gbogbo ilé ń gbà wọlé láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, abẹ́ àjà ló sì ń gbà dé yàrá ìyá mi. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé nítorí àlàáfíà ni òun ṣe ṣe é. Ó ní ìyàwó wà nílé lọ́jọ́ tí oníná ṣiṣẹ́, kò sí bí òun ì bá ṣe fi pamọ́ fún un, òun sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ. Ìyá mi jẹ́ kí ó wí tán. Ó sọ àtẹ rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, iná kọ́ ló dùn mí. Irọ́ náà kọ́. Ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ ń sùn lé e lórí. Òun ló dùn mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láńtánì ni ìyá mi tàn. Bàbá mi ní òun yóò pe oníná kí ó wá gbé wáyà gidi sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn àgbà ẹbí wá bẹ ìyá mi. Ó gbọ́ wọn, ó fún wọn lómi mu, kò sì gbà. Ó ń bu oúnjẹ fún bàbá mi, ó ń pín ẹran Iléyá bí ó ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tẹ iná mọ́ títí tó fi kú. Lábẹ́ láńtánì rẹ̀ ni mo ti ka gbogbo ìwé tí mo kà, tí ọmọ Ìyá Kékeré ń ka tirẹ̀ lábẹ́ gílóòbù. Mo jowú gílóòbù yẹn ju bí ìyá mi ti jowú rẹ̀ lọ. N kò sọ fún un.

Bàbá mi náà ti lọ. Ìyá Kékeré ṣì wà nínú ilé náà, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Láìpẹ́ yìí, mo lọ gbé sólà sórí òrùlé fún un. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ lọ tán, tó ku àwa méjì, mo bi í ní ohun tí mo ti gbé sínú láti kékeré. Mo ní kí ló dé tó fi ń jókòó nínú òkùnkùn, tó ń dúró, tó ń dúpẹ́, nígbà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Mo ní mo máa ń sọ fún ìyàwó mi, kí ó tó di olóògbé, pé n kò tíì rí obìnrin tó láàánú tó o.

Ó kọjú sí mi.

"Àánú ta? Ìyá rẹ ló ni ọwọ́ ọ̀tún, òun ló ni ẹran, òun ló ni ọ̀wọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí òun ò ní nìyẹn. Ṣé kí n tún wá gbé e fún un ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní bí òun bá ti jókòó nínú òkùnkùn yẹn, tí òun gbọ́ ohùn ìyáálé tó ń ṣe fáàrí lẹ́nu ọ̀nà, inú òun a máa dùn bí ti ẹni tó fi ẹran sẹ́nu tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo mọ adùn tí ó ń wí.

Ayé ti yí. Òpó kọnkéré ti gba ipò òpó igi ní àdúgbò wa, ojúlé kọ̀ọ̀kan ti ní mítà tirẹ̀, àwọn ọmọ ilé sì ti gbé sólà sórí yàrá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ìyàwó méjì lóde òní, yóò gbé ọ̀kan sí Ìkirè, yóò gbé èkejì sí Ìbàdàn. Iná ẹnì kan kì í gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kọjá. Ẹ̀yin ọmọ mi ní ọ̀làjú nìyẹn, n kò bá yín jiyàn.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, èmi ni mo ń tan iná ilé mi, èmi náà ni mo ń pa á. N kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Iná pọ̀ báyìí. Ẹni tí yóò jowú rẹ̀ ni kò sí.