Bí Àdán Ṣe Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Ẹyẹ Nílé Wa

Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọbìnrin mi wò. Bó bá ti fi gíláàsì rẹ̀ sójú báyìí, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí ọmọ náà pín àwọn ẹ̀dá alààyè sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ó fi ọ̀pọ̀lọ́, alángbá, àdìẹ àti ewúrẹ́ síbi tó yẹ wọ́n. Nígbà tó kan àdán, bàbá mi ní kó kọ ọ́ sábẹ́ ẹyẹ. Ọbẹ̀ ni mò ń rò lọ́wọ́, mo kàn dá sí i láìronú.

“Bàbá, àdán kì í ṣe ẹyẹ o. Ẹgbẹ́ ewúrẹ́ àti ajá ló wà, àwọn tó ń fún ọmọ lọ́mú.”

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. “Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ pé ẹyẹ ni. Ó ní apá, ó ń fò. Kí ló tún kù?”

“Kò ní ìyẹ́, sà. Irun ló ní. Kì í sì í yé ẹyin.”

“Ìwọ ti rí ibi tó ti bímọ rí?”

Mi ò rí i rí. Inú ìwé ni mo ti kà á, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo yíjú sí ọbẹ̀ mi. Ọmọ mi wo ojú mi, ó wo ojú bàbá àgbà, ó bá fi àyè àdán sílẹ̀ lófìfo. Bàbá mi wọ yàrá lọ, kò sì jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé kó kọ iyán, ọ̀rọ̀ ti tóbi nìyẹn.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà tí a pe káfíńtà pé kó wá tún àjà yàrá rẹ̀ ṣe, nítorí òjò ti bà á jẹ́. Bó ṣe yọ pákó kan báyìí, àdán mélòó kan tú jáde, wọ́n gba ojú fèrèsé lọ. Ọ̀kan já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà gbé òòlù sókè, bàbá mi sì nawọ́ sí i pé kó dúró.

Àdán náà na apá sílẹ̀ bí agbòjò tó ya. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ọmọ rẹ̀ ni, pupa rúsúrúsú, tí kò tíì hu irun. Ó gbá ọmú ìyá rẹ̀ mú sẹ́nu, pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe já bọ́ yẹn, kò tú u sílẹ̀. Bàbá mi fi gíláàsì sójú, ó bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Ọmú ni,” ó ní.

“Ọmú ni, sà.”

“Ṣé gbogbo wọn ló ń ṣe báyìí?”

“Gbogbo wọn.”

A fi táwẹ̀lì gbé e sójú fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ó fò lọ tọmọtọmọ. Ó pẹ́ kí bàbá mi tó kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní tíì fọ ẹnu tán láàárọ̀ tí á ti dé. Àbùùbùtán inú òkun ńkọ́? Mo ní òun náà ń fọ́mọ lọ́mú. Olú ńkọ́? Mo ṣàlàyé pé olú kì í ṣe ewéko. Kì í fi oòrùn ṣe oúnjẹ bíi ti ewé, ohun tó ti kú ló ń jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

“Abájọ tó fi ń dùn bí ẹran!”

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ kan wà ní kíláàsì òun ní Emùré láyé ọjọ́un, tó ní àdán kò lè jẹ́ ẹyẹ nítorí pé ó léyín.

“Mo nà án. Mo ní ó ń bá àgbà jiyàn. Ọmọ yẹn lo ojú rẹ̀, èmi ni mi ò lo tèmi.” Ó gbé ojú sókè. “Mo gbọ́ pé Emùré ló ṣì ń gbé. Gbé mi lọ síbẹ̀.”

Ní Sátidé, mo fi mọ́tò gbé e lọ. Nígbà tí a dé Ìsẹ̀, ó ní kí n rọra nínú kòtò.

Ọmọ ọjọ́sí ti di àgbẹ̀ oníkòkó tó hewú lórí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Tíṣà wa! Ẹ káàbọ̀ sí ulé!” Bàbá mi kọ̀, kò jókòó, àfìgbà tó sọ tẹnu rẹ̀ tán.

“Ìwọ lo tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ àdán lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ṣì í. Jọ̀wọ́, má bínú.”

Ọkùnrin náà họ orí. “Mi ò gbàgbé ẹgba yẹn o, sà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹyẹ ni. Ohun tí mo fi kọ́ gbogbo ọmọ mi nìyẹn. Ọ̀kan tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tíṣà ẹ̀ jà lórí ẹ̀!”

Ẹ̀rín pa mí. Kò pa bàbá mi. Ó wá àga, ó jókòó, ó ní kí wọ́n pe gbogbo ilé jáde, tọmọ tọmọ-ọmọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, láti orí ohun tó ń yé ẹyin dé orí èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú, pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Àga ò ṣẹ́kù fún mi. Mo bá jókòó sórí ẹní láàrin àwọn ọmọ.