Àmín Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Òórùn gààrí yíyan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ilé ẹ̀kọ́ orin náà, kí ohùn fèrè tó dé. Inú yunifásítì kékeré kan tí ìjọba dá sílẹ̀ ló wà, ní agbègbè Ọ̀sẹ́. Oko ẹ̀gẹ́ ló yí i ká, àwọn obìnrin sì ń yan gààrí lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Àwọn ẹ̀kọ́ yòókù níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí, ṣùgbọ́n bí ìjọ kan láti Ọ̀wọ̀ títí dé Àkókó bá ń wá ẹni tí yóò kọ́ ẹgbẹ́ akọrin wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ibẹ̀ ni mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí irun orí mi ti ń funfun.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tẹ dùùrù ní ìjọ Áńgílíkà wa ní Ọ̀wọ̀. Bàbá mi ló fi í lé mi lọ́wọ́, etí ni òun náà fi kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó bi wá léèrè ìwé rí. Ìgbà tí wọ́n gbé àlùfáà tuntun wá ni ìgbìmọ̀ ìjọ pinnu pé ẹni tó bá máa jókòó nídìí dùùrù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n fún mi ní ọdún méjì. Bí n kò bá mú un wá, kí n dìde fún ẹlòmíràn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù nígbà náà. Ìjókòó yẹn nìkan ló kù tí ayé fi ń mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ tí mo wọlé, wọ́n ní kí n tẹ ohun tó bá wù mí. Mo tẹ orin ìjọ kan, àwọn olùkọ́ sì gbà mí wọlé. N kò sọ fún wọn pé dò-rè-mí sólífà nìkan ni mo lè kà, pé àwọn àmì dúdú tó so rọ̀ lórí ìlà márùn-ún yẹn, bí èèrà tó ń tò lọ síbi ṣúgà ni wọ́n rí lójú mi. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n àgbà tó ń tijú ọmọdé, ta ni yóò bi?

Ọgbọ́n ni mo dá. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì wa, ọmọ katikíìsì láti Ìdógùn, tó ń ka orin bí ẹni mu omi. Dádì ló ń pè mí. Mo máa ń gbé bébà mi fún un pé, “Ọmọ mi, bá mi tẹ èyí, kí n gbọ́ bí ìwọ ṣe ń ṣe é.” N óò dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí adájọ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di tèmi. Níwájú olùkọ́, n óò tẹjú mọ́ bébà, n óò fi ahọ́n lá ìka, n óò ṣí ojú ìwé, nígbà míràn kí àsìkò ṣíṣí rẹ̀ tó tó.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti èmi kò tilẹ̀ pé ọdún kan. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo tẹ orin tí wọ́n fún wa láìṣìṣe, mo sì fi ohùn Àmín parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti gbọ́ ọ. Olùkọ́ wa, obìnrin Àkókó kan tí kì í gbóhùn sókè, ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Àmín yẹn, ìlà wo ló wà?”

Mo na ìka sí ìlà tó kẹ́yìn.

“Kò síbẹ̀. Orin ijó ni wọ́n pe èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹta.”

Mo gbé ọwọ́ mi lé orúnkún. Ọmọ Ìdógùn tó ń dúró de tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní, “Mà, èmi ni mo fi Àmín sí i. Bí mo bá ti parí orin, ọwọ́ mi kàn máa ń ṣe é ni.”

“Ìwọ lo wá ń kà á fún wọn?”

“Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é ni, mà.”

“Ẹ má bá a wí,” ni mo wí. “N kò mọ̀ ọ́n kà.”

“Láti ìgbà wo, Bàbá?”

“Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.”

Olùkọ́ tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, “N kò lè fún yín ní máàkì ohun tí ẹ kò kà. Ẹ máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ láràárọ̀, ẹ wá bá mi kà á. Àwọn ọmọ yìí, bí a bá gba bébà lọ́wọ́ wọn, wọn kò lè gbé orin kan fún ìjọ. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn ní ti etí.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pààrọ̀ ẹ̀kọ́. Ìwé àwọn ọmọ kéékèèké ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìdógùn a máa kọjá lójú fèrèsé pé, “Dádì, ojú la fi ń wò ó o, kì í ṣe etí.” Ọdún kejì kò tíì tán tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ wò ó láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n sì ní kí n jókòó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo ṣí ìwé orin, mo sì tẹ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá ìjọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọmọ mi, kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ níbẹ̀? Ohùn bàbá rẹ dà?” Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ kò sí nínú ìwé kankan. Òun ló hun ún fúnra rẹ̀, lórí rẹ̀ sì ni ìjọ wa ti ń kọrin látọjọ́ yìí wá.

Ní báyìí, ẹsẹ kìíní ni mo ń fún ìwé. Àwọn ẹsẹ yòókù, ti bàbá mi ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń gbé tábìlì sí ìta, n óò máa fi pẹ́ńsùlù to ohùn rẹ̀ sórí ìlà márùn-ún, orin kan tẹ̀lé òmíràn, kí ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn mi lè rí i kà. Ó ku púpọ̀. N kò kánjú.